Méjì Lórí Tábìlì

Wọ́n gbé tuntun dé l'Ọ́jọ́bọ̀, nínú àpótí dúdú
tó wúwo bí ẹrù ìyàwó.
Ọ̀gá Fámúyìwá fi ọ̀bẹ la téèpù, kò jẹ́ kí n fọwọ́ kàn án.
"Dúróònù yìí," ó ní, "òjò ò ní í lé e wọlé."
Gbogbo ọ́fíìsì wa l'Òkèsà dákẹ́,
àfi jẹnẹrétọ̀ wẹ́dà ìsàlẹ̀.

Mo gbé ti àtijọ́ kalẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀.
Ayékòótọ́ ni mo sọ ọ́, nítorí ariwo.
Apá rẹ̀ ti pọ́n bí eyín arúgbó tó ń jobì,
bátìrì rẹ̀ wú bí ikùn ọmọ tó jẹ ẹ̀wà àìjinná.
Ẹsẹ̀ ọ̀tún, wáyà ni mo fi dì í.
Wọ́n ní bọ́mọdé bá láṣọ tó àgbà…
Ẹ má parí òwe yẹn fún mi.
Èmi ni mo di àkísà náà.

Ká sòótọ́, tuntun yá.
Ìṣẹ́jú méjìdínlógún ni Ayékòótọ́ ń lò lókè
kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í ké bí ọmọ tí wọ́n já lẹ́nu ọmú.
Tuntun á lo ogójì, á tún ku díẹ̀.
Bó bá rígi, á yà. Bó bá rí wáyà iná, á dúró, á rò ó.
Ayékòótọ́ kì í yà fún ẹnikẹ́ni;
ẹ bi òpó iná ìdí ọgbà wa.
Láti òkè téńté ni mo ti fi tuntun wo kòkó,
mo rí èèrà tó ń gun èso.
Ó tún ní ojú kejì, tó ń rí ooru:
ohun tó bá gbóná á pọ́n bí ẹ̀yinná,
ohun tó bá tutù á di aró.

Ṣùgbọ́n ọdún keje rèé
tí mo fi Ayékòótọ́ lọ wọn oko bàbá mi n'Ídìí-Ọbì,
iṣẹ́ àkọ́ṣe mi, mi ò gba kọ́bọ̀.
Bàbá ò mọ̀ pé èmi ni. Ó gbọ́ ohun tó ń kùn lókè kòkó,
ó ṣí fìlà, ó gbójú sókè:
"Ìwọ olè tí ò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, padà sí ulé ẹ!"
Ó he èèpo kòkó kan, ó sọ ọ́.
Ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin!
Ó bà á.
Ibẹ̀ lẹsẹ̀ ọ̀tún ti kán.
Nínú àwòrán tó yà kó tó ṣubú,
bàbá kò ju hóró àgbàdo lọ, ojú rẹ̀ ò hàn,
ṣùgbọ́n apá rẹ̀ wà lókè,
mo sì mọ apá náà.

L'Ájé tó kọjá, wọ́n ní ká lọ ka kòtò àwọn awawúrà.
Ìdí-Ọbì wà lára ẹ̀. Mo mọ̀, mi ò sọ.
Ìdájí la débẹ̀. Tuntun gbéra láìpariwo,
bí ẹni tó jí owó ìyá ẹ̀.
Ó ti kà á tán ká tó mu omi: kòtò mọ́kànlélógójì.
Omi pupa. Igi kòkó mẹ́fà ló kù.
Ìbídàpọ̀ ní, "Àǹtí, ẹ yí i sí ojú kejì."
Mo yí i.
Ewúrẹ́ mẹ́ta pọ́n. Ẹ̀rọ tó ń fa omi pọ́n.
Ọmọkùnrin méjì tó sùn sábẹ́ tapólì pọ́n, wọ́n fara mọ́ra.
Mo darí ẹ̀ sẹ́yìn ahéré, sídìí igi ọbì,
níbi tá a sin bàbá sí lọ́dún Kòrónà.
Ojú rẹ̀ mú. Kò síbi tí kò wò.
Aró ni.
Aró látòkè délẹ̀.

Ọ̀gá ní ká ta ti àtijọ́. Ẹnìkan wá láti Ẹ̀rẹ́jà,
fídíò òkú ló ń yà jẹun.
Ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó tẹ wáyà yẹn, ó rẹ́rìn-ín:
"Eélòó ni, pẹ̀lú ẹsẹ̀ yìí?"
Ọmọ òṣómàáló ni mí. Mo mọ bí wọ́n ṣe ń tajà.
Mo pe iye tá a fi ra tuntun,
mo sì lóṣòó tì í.